Omi Tó Kọ̀ Tí Ò Pé Ọgọ́rùn-ún

Ìyàwó àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé-ìwé kan náà la jọ ń kọ́ni, ògiri kan ṣoṣo ló sì là wá láàárín: èmi àti ìṣirò mi lọ́wọ́ ọ̀tún, òun àti sáyẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ògiri náà fẹ́lẹ́ débi pé bí ọmọ kan bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń kí i pé pẹ̀lẹ́. Bí mo bá wá sọ pé ìyàwó wa kì í jẹ́ kí n sinmi, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹjọ́ ìyàwó ilé ni mò ń rò. Omi ló máa ń kọ́kọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tọ̀ mí wá. Lẹ́yìn omi, èéfín. Lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta ló yọjú, wọ́n jókòó sábẹ́ pátákó mi bí ẹni pé àwọn náà fẹ́ mọ ìlọ́po méje.

Àwọn ọmọ kì í pe orúkọ rẹ̀. Àǹtí Fọwọ́kàn-án ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí wọ́n á bi í tí kò ní sọ pé, "Fọwọ́ kàn án ná." Ọmọ á ní, "Àǹtí, ṣé mágínẹ́ẹ̀tì lè fa ṣíbí?" Òun á ní, "Fọwọ́ kàn án ná, dán an wò." Ọmọ á ní, "Àǹtí, ṣé ìgbín ní eyín?" Ìyàwó wa á na ìgbín sí i. Lọ́dọ̀ tèmi, ọmọ tó bá fọwọ́ kan nǹkan láìgbàṣẹ, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ. Olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń kọ́ ọmọ.

Kí àbúrò mi tó fẹ́ ẹ, ilé-iṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi wò bóyá ó dára ní mímu. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ojú. Nígbà tí wọ́n kó yàrá náà lọ sí ìlú míì, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó nujú, ó ní òun á lọ kọ́ ọmọ. Ọ̀gá ilé-ìwé wa gbà á, ṣùgbọ́n yàrá tó fún un kì í ṣe yàrá èèyàn. Ibi tí a ń kó bẹ́ǹṣì tó ti kán sí ni. Òun àti àbúrò mi ló kó gbogbo rẹ̀ síta. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ omi kan tó máa ń wúkọ́ dáadáa kó tó pọ omi. Ó to agolo mílíìkì, ìgò, ìṣó, òwú, àbẹ́là, bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ sórí pákó. Ohun tó jẹ́ ojúlówó nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: tẹmọ́mítà gígùn kan, ọ̀pá dígí tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó, tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń kúrò níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó máa ń fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ti àwọn olóye. Láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ṣa àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé wá fún un, àwọn tó máa ń parí iṣẹ́ kí olùkọ́ tó kọ ọ́ tán, tí wọ́n á wá máa da ẹgbẹ́ wọn láàmú. Àwọn èèyàn rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kọ́. Irọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti kékeré, ẹ̀rù àṣìṣe máa ń bà á ju ẹ̀rù ejò lọ. Kò ní ṣe ohun tí kò bá dá a lójú pé òun á gbà.

Olórí wọn ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adájọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí àríyànjiyàn bá ti ń le, òun á gbé àgbọ̀n sókè, á ní, "Ìwé sọ pé," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, òun náà ni alága ẹgbẹ́ àwọn òbí. Bàbá yìí ló fa wàhálà. Ó lọ bá ọ̀gá wa, ó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ òun ń ti ilé-ìwé bọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé kejì ló ń gba ipò kìíní nínú ìdíje ìbéèrè-àti-ìdáhùn lọ́dọọdún. Ó ní kí wọ́n sọ ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ di ti ìdánrawò, kí wọ́n máa bi wọ́n, kí wọ́n máa dáhùn.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí alága àwọn òbí bá sín, òun ni òtútù máa ń mú. Ó pe ìyàwó wa, ó ní kó múra sílẹ̀ de ọjọ́ àwọn òbí, kó fi ohun tí àwọn olóye rẹ̀ ń ṣe han gbogbo ilé. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kíláàsì dúró. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kíláàsì ti parí nìyẹn, kí àwọn bẹ́ǹṣì sì padà sí yàrá wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ìyàwó wa gbé kẹ́tùlù kaná, ó ki tẹmọ́mítà bọ inú rẹ̀. Ó ní bí omi bá ti ń hó dáadáa, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá wò ó, kó sì kọ iye tó bá rí sórí bébà. Kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tò, wọ́n wò, wọ́n kọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láti ara ògiri, n kì í sì gbọ́ irú ẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi àwọn ọmọ tèmi sílẹ̀, mo lọ yọjú.

Ó di àwọn bébà náà mú lọ́wọ́. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo wọn kọ.

"Ta ló rí ọgọ́rùn-ún?" ló bi wọ́n. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè.

"Ó dáa. Ẹ tún wá wò ó."

Wọ́n tún tò. Èmi náà tò sẹ́yìn wọn, àgbàyà mi. Omi ń hó yaya, ọmọrí kẹ́tùlù ń jó, ṣùgbọ́n tẹmọ́mítà dúró síbi tó kù mẹ́rin kó pé ọgọ́rùn-ún. Kò gòkè, kò sọ̀. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn.

Adájọ́ ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Tẹmọ́mítà yìí ló bàjẹ́, Àǹtí. Ìwé sọ pé ọgọ́rùn-ún ni omi ń hó."

"Nígbà tó o kọ ọgọ́rùn-ún," ìyàwó wa bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ṣé o ti mọ̀ nígbà yẹn pé ó bàjẹ́?"

Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ wo tẹmọ́mítà náà. Aago lù, wọ́n lọ sílé.

Ìyàwó wa wá jókòó sórí tábìlì mi. Omijé ti fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "Àǹtí mi, tí wọ́n bá purọ́ ni, ì bá sàn. Wọn ò purọ́. Ojú wọn rí ohun kan, ọwọ́ wọn kọ òmíràn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀."

Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Nínú àwọn ọmọ tèmi tí wọn ò mọ̀wé, kò séyìí tó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa kọ, torí wọn ò mọ nǹkan míì tí wọ́n lè kọ.

"Kí ló wá dé tí kò fi pé ọgọ́rùn-ún?" mo bi í.

"Fọwọ́ kàn án ná, Àǹtí mi."

"Màá fọwọ́ kan ìwọ gan-an báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé. Orí òkè ni ìlú wa wà. Bí ibi kan bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ṣe máa fúyẹ́ tó, omi á sì rí àyè hó kó tó pé ọgọ́rùn-ún. Nísàlẹ̀ létí odò, ó máa fẹ́ẹ̀ pé. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a rí fúnra wọn."

"N kò ní sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, má gbé kẹ́tùlù yẹn dé iwájú Lọ́yà. Ọkùnrin yẹn mọ ọgọ́rùn-ún, ó sì fẹ́ gbọ́ ọgọ́rùn-ún. Fi ti ẹyin tí iyọ̀ ń mú léfòó nínú omi hàn wọ́n, kí kíláàsì rẹ dúró. Kẹ́tùlù ò ní sá lọ."

Ó gbà. Ìgbà tó gbà láìjiyàn ni mo mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó.

Lọ́jọ́ àwọn òbí, gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá wa ti kó yìnyín àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sínú báàfù ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì dúró tì í kí ọmọ kankan má baà súnmọ́ ọn. Àwọn olóye jáde. Wọ́n ju ẹyin sínú omi lásán, ó rì. Wọ́n ń da iyọ̀ sí omi náà, wọ́n ń rò ó, ẹyin sì dìde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi léfòó. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Eyín ọ̀gá wa hàn títí dé èyí tó ti kán. Mo ti ń mí kanlẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Mo ní, ó tán, kíláàsì dúró.

Ni Lọ́yà bá dìde. Ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Idán ẹyin yìí dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ìdánwò kì í béèrè idán." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀, èèyàn á mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọmọ náà. "Wá, sọ fún gbogbo ilé. Mélòó ni tẹmọ́mítà máa kà nígbà tí omi bá ń hó?"

Ìbéèrè tó rọrùn ló yàn fún un, kó baà lè tàn lójú èèyàn. Adájọ́ la ẹnu. Mo rí ọgọ́rùn-ún náà lórí ahọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé, ó wo ìyàwó wa. Ìyàwó wa ò mirí, kò sẹ́jú.

"Nínú ìwé, ọgọ́rùn-ún ni, Dádì," ọmọ náà ní. "Nínú kẹ́tùlù tiwa, ó kù mẹ́rin kó pé."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ pé, "Kẹ́tùlù jẹ yín ní gbèsè mẹ́rin!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà ò rẹ́rìn-ín. "Méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́. Èwo ni kí n gbà?"

"Mi ò mọ̀."

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ yẹn, n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Òun gan-an, ó dà bíi pé kò gbọ́ ọ rí. Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá wa ti súnmọ́ iwájú, òógùn bò ó. "Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn, kí ọ̀rọ̀ parí."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Bó bá ní, "Torí pé orí òkè la wà ni," ọmọ á bọ́, kíláàsì á dúró, Lọ́yà fúnra rẹ̀ á sì kan sáárá. Láti ẹ̀yìn ni mo ti ń fi ẹnu lásán sọ fún un pé, "Sọ ọ́! Sọ ọ́!" Mo rí i tó la ẹnu. Mo rí i tó tún pa á dé.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ló ní. "Ìbéèrè àwọn ọmọ ni. Ẹ fún wọn láyè díẹ̀."

Mo ká ọwọ́ lérí. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀! Inú bí mi sí i débi pé mo fẹ́ dìde kúrò nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn òbí ń pòṣé. Obìnrin kan ti ń kó báàgì rẹ̀.

Adájọ́ fi apá aṣọ nu imú. "Àǹtí," ló ní, "tí tẹmọ́mítà yẹn bá bàjẹ́, kò ní ka ti yìnyín náà dáadáa."

Kò dúró gba èsì. Ó sáré lọ síbi báàfù ọ̀gá, ó ń ti ìgò sọ́tùn-ún sósì, ọ̀gá ń pariwo, "Àwọn àlejò la ṣe é fún o!" Ó bu yìnyín sínú agolo mílíìkì, ó bomi díẹ̀ sí i, ó fa tẹmọ́mítà yọ nínú báàgì ìyàwó wa, ó ki í bọ̀ ọ́. "Òdo ló gbọ́dọ̀ kà. Ìwé sọ pé..." Ó dánu dúró. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó ná."

Gbogbo àwọn olóye ti bo agolo náà mọ́lẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé èèyàn wà níbẹ̀. "Ó ń sọ̀ kalẹ̀." "Gbé orí kúrò jàre." "Ó ń sọ̀." "Òdo! Òdo ni!" Ó sì dúró sórí òdo.

"Kò bàjẹ́ nìyẹn," Adájọ́ ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kí ló wá ṣe omi?"

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Alájẹ. Kò sí ohun tí kò ní mú dé orí oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ̀wà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀wà wo?"

"Nílé ìyá mi àgbà, nísàlẹ̀ létí odò, bí wọ́n bá se ẹ̀wà, kì í pẹ́ jinná. Ẹ̀wà kan náà ni Mọ́mì ń gbé wá síbí o, á máa hó, á máa hó, ebi á ti fẹ́ẹ̀ pa wá, kò ní rọ̀."

Gbogbo ilé tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn olóye ò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ dì í léjìká mú. "Iná kan náà?"

"Sítóòfù kan náà. Mọ́mì máa ń gbé e dání lọ."

"Nígbà náà, bóyá ibi tí a wà ni!" ọmọ náà pariwo. "Bóyá níbí, omi ń hó kó tó gbóná tán! Àǹtí, tá a bá gbé kẹ́tùlù lọ sísàlẹ̀ létí odò ńkọ́?"

Ìyàwó wa ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ó jìnnà. Ta ló máa gbé wa lọ?"

Ojú gbogbo èèyàn lọ sára Lọ́yà, torí òun ló ní mọ́tò tó tóbi jù. Ó rìn wá síwájú. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ lé iwájú orí, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo òdo náà fúnra rẹ̀. Ó wá nàró.

"Nínú iṣẹ́ tiwa," ló ní, "bí ẹlẹ́rìí méjì bá ń tako ara wọn, ilé ẹjọ́ lè ní ká jọ lọ wo ibi tọ́rọ̀ wà. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ gbé kẹ́tùlù."

Bí a ṣe kó sínú mọ́tò Lọ́yà àti bọ́ọ̀sì ilé-ìwé nìyẹn. Èmi tí n kò fẹ́ lọ síbì kankan ni mo gbé sítóòfù sáàárín ẹsẹ̀, kẹ́rosínnì ń ta sí mi láṣọ, ọ̀nà sì ń lọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí tí etí mi fi dí. Ọ̀gá wa tẹ̀ lé wa, ó ní òun fẹ́ rí i pé ọmọ ẹnikẹ́ni ò kó sódò.

Létí odò, atẹ́gùn ò jẹ́ kí iná dúró. Lọ́yà bọ́ kóòtù, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi wá kí àwọn òbí, ó na kóòtù náà ká sítóòfù lára. Omi pẹ́ kó tó hó. Adájọ́ ló ń kà. Nígbà tí ó dé ibi tó kù mẹ́rin, gbogbo wa na ọrùn. Ó kọjá ibẹ̀. Àwọn ọmọ figbe ta. Ó kù mẹ́ta. Ó kù méjì. Omi wá ń hó yaya, ó sì dúró síbi tó kù ẹyọ kan ṣoṣo. Kò gòkè mọ́. Alájẹ ń fò sókè, ó ń ké pé, "Ẹ̀wà! Mo sọ fún un yín, ẹ̀wà!" Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń pàtẹ́wọ́, èmi àti ọjọ́ orí mi.

Lọ́yà dìde, orúnkún rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó wá bá ìyàwó wa níbi tó dúró sí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i. "Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣẹ̀sín lójú èèyàn."

"Ẹ má bínú, sà. Ó dun èmi náà."

Ọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọ aṣọ létí odò ti wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Adájọ́ sì dúró láàárín wọn, omi dé e lórúnkún, ó ń nawọ́ sí orí òkè, ó ń nawọ́ sí kẹ́tùlù, ó ń ṣàlàyé. Obìnrin kan bi í ní ìbéèrè kan. Ó ronú, ó ní òun ò tíì mọ ìyẹn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ wò ó títí. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀gá wa, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ wọn dúró."

"Èmi náà ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀," ọ̀gá wa ní. Irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo dárí jì í.

Nígbà tí a ń gòkè padà, àwọn ọmọ ń kọrin níwájú bọ́ọ̀sì. Ìyàwó wa fi orí lé èjìká mi, bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

"O ò ṣèèyàn," mo sọ fún un. "Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Bí wọ́n bá ti kíláàsì yẹn pa ńkọ́?"

"Mo ti la ẹnu, Àǹtí mi. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́."

"Mo rí ọ. Kí ló dì ọ́ lẹ́nu mú?"

"Mo wo ojú Adájọ́. Ó ń sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi mọ́. Ojú rẹ̀ ti wà lára yìnyín."